Èsì: Ṣé òkìkí Treasure tọ́ sí wọn?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá gbogbo géèmù Treasure, ilé iṣẹ́ géèmù fídíò ní Japan, ló dáa tó bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo. Rárá o. Àwọn tó kúrò ní Konami, ilé iṣẹ́ géèmù míì, ló dá a sílẹ̀ ní 1992, Gunstar Heroes tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1993 sì kọjá àfẹnusọ. Àmọ́ ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe géèmù McDonald's! Iṣẹ́ àgbàṣe pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Konami fúnra wọn tún padà wá gbé Gradius V (2004) fún wọn ṣe, ìyẹn sì dáa gan-an.

Ikaruga (2001), géèmù wọn tí èèyàn ti ń fi ọkọ̀ òfúrufú yìnbọn, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ yín lè di funfun tàbí dúdú. Ọta tó bá bá àwọ̀ yín mu, ńṣe lẹ ó gbé e mì. Èyí tí kò bá bá a mu, ẹyọ kan ti tó pa yín. Bẹ́ẹ̀ ọ̀tá tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín ni ìbọn yín máa ń bà jẹ́ ní ìlọ́po méjì. Ìpele márùn-ún péré, ó le bí ojú ẹja!

Ní báyìí, àwọn géèmù wọn ti àtijọ́ la ṣì ń rí, bíi Radiant Silvergun tó dé orí ẹ̀rọ géèmù Switch ní 2022.