Kí ni ayàwòrán ń wá láàárín àwọn awalẹ̀pìtàn, nígbà tí kámẹ́rà wà?

Iṣẹ́ wà fún un dáadáa. Gbogbo ohun tó bá wà níwájú kámẹ́rà ló máa ń yà, tòjìji tìdọ̀tí. Ayàwòrán ló ń ṣa ohun tó ṣe kókó yọ. Ẹ wo àpáàdì etí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú. Ayàwòrán á gbé e lé ìwé tí wọ́n ya òbìírí sí láti mọ bí ẹnu ìkòkò náà ṣe fẹ̀ tó, á wá yà á. Á fi ìlà kan là á láàárín: apá kan á fi bí ara rẹ̀ ṣe nípọn hàn, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, apá kejì á fi ọnà ẹ̀yìn rẹ̀ hàn. Fọ́tò kan ò lè ṣe méjèèjì.

Howard Carter tó rí ibojì Tutankhamun, ọba Íjíbítì àtijọ́, lọ́dún 1922 gan-an, ayàwòrán ló kọ́kọ́ jẹ́. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó dé Íjíbítì ní 1891, tó ń da àwòrán ara ògiri ibojì kọ.

Ti Mark Dion, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, tún yàtọ̀. Ní 1999, òun àtàwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ṣa egungun, ìkòkò tábà àti ike létí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òṣìṣẹ́ Museum of London wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fọ gbogbo rẹ̀, wọ́n tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan, ti àtijọ́ àti ti àná pa pọ̀. Awalẹ̀pìtàn ò jẹ́ tò ó bẹ́ẹ̀ láé!