Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ fún òkú pé “má jọ̀kùn, má jekòló”?

Ọmọbìnrin kan láti Iléṣà ló béèrè. Àìsàn kíndìnrín ló pa bàbá rẹ̀ lẹ́ni ọdún 54. Ó ní bàbá òun kì í fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́ àfi bí ìyàwó àti ọmọ bá pé yí àwo ká, àti pé nígbà tí àìsàn dé, ọdún méjì ni ìyá òun fi ń bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ifẹ̀ lọ fọ ẹ̀jẹ̀, tí kò gbà kí ẹlòmíì gbà á ṣe. Nígbà tí wọ́n sọ pósí kalẹ̀ nínú ọgbà ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bu erùpẹ̀ sí i, ó ní: “Ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Bó o bá dé ọ̀hún, má jọ̀kùn, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kó o máa bá wọn jẹ.”

Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ yìí. Ó kọ̀wé pé: “Ọdún méjì gbáko la fi ń sọ fún bàbá mi pé ẹ má jẹ èyí, ẹ má mu tọ̀hún. Wọ́n tún tẹ̀ lé wọn dé ẹnu sàréè, wọ́n tún ń ka èèwọ̀ sí wọn létí. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ìrántí ọdún kan tá a fẹ́ tẹ̀?” Ó fi kún un pé ìyá bàbá òun ṣì wà láyé, àti pé ìyá òun ti rí ọkọ rẹ̀ lójú àlá lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn kan sì ní kó gbààwẹ̀ lé e.

Àbúrò mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mi ò kí yín ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè, nítorí ẹni tó sin òbí tó gbó tó tọ́ ló ni ìyẹn. Òkú tí ìyá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í lùlù sí i. Mo ń sọ èyí kó o lè mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó dúró létí sàréè yẹn, àbúrò rẹ̀ ló ń sin. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àbúrò sọ fún un lọ́jọ́ tirẹ̀ ni òun ń sọ fún àbúrò.

Gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Bí a bá ń pínyà lálẹ́, a ní ó dàárọ̀. Bí ẹnì kan bá ń jáde tó máa padà, a ní ó dàbọ̀. Bí a kò bá mọ ọjọ́ tá a tún máa fojú kanra, a ní ó dìgbóṣe. “Ó di” ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn: ó di àárọ̀, ó di àbọ̀, ó di ìgbà tó bá ṣe. Ìgbà tá a tún máa ríra là ń dá fún ara wa. Àwọn ìjọ náà kò yà kúrò lójú ọ̀nà yìí nígbà tí wọ́n bá ní ó dàárọ̀ ọjọ́ àjíǹde. Gbére túmọ̀ sí títí láé, ó sì ń dẹ́rù bani bó bá dá dúró, àmọ́ wo inú “dágbére”, ibẹ̀ ló wà. Ojoojúmọ́ ni ẹni tó ń lọ sọ́jà ń dá gbére fún ará ilé.

Nígbà tí wọ́n ti sọ gbére tán ni wọ́n wá ń dẹ ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn ì bá dákẹ́ síbẹ̀. Àrìnnàkò ni kéèyàn máa rìn lọ kó kan ẹni tí kò retí lọ́nà. Ìgbàgbọ́ àkúdàáyà ló wà nídìí rẹ̀: àwọn àgbà gbà pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé lè lọ tẹ̀dó sí ìlú tó jìnnà, kó máa ṣòwò, kó tiẹ̀ láya, títí ará ilé kan yóò fi ṣèèṣì rí i níbẹ̀, tí yóò sì pòórá. Ìlú àwọn Ọ̀ṣómàáló ni Iléṣà, àwọn tó máa ń gbé aṣọ àwìn kiri ìlú onílùú láyé àtijọ́, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Kò ṣòro fún ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ láti gbà pé ojú tóun mọ̀ lè yọ nínú ọjà tó jìnnà. Mi ò ní kó o gbà á gbọ́ tàbí kó o má gbà á. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí ni pé ẹni tó kú kọ́jọ́ tó pé ni wọ́n ń retí lójú ọ̀nà báyẹn. Ọdún 54 kì í ṣe ogbó. Àkúdàáyà ni ọ̀nà tí àwọn àgbà fi ń jẹ́wọ́ pé ó kù díẹ̀ tí ayé ì bá ṣe fún un.

Ojú àlá ló kẹ́yìn. Sọ fún màmá rẹ pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń kìlọ̀ fún opó kó má gba oúnjẹ lọ́wọ́ òkú lójú àlá, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àdúrà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa náà la dúró lójú gbogbo ayé, tá a ní ó di ojú àlá. Ọkọ tó bá wá síbi tí a dá fún un, àdéhùn ló mú ṣẹ.

Ó wá kan oúnjẹ, ibi tó ti dùn ọ́ jù.

Mo mọ irú ọdún méjì tẹ́ ẹ lò. Kíndìnrín tó ti kọṣẹ́ kò lè yọ omi, iyọ̀ àti èròjà tí wọ́n ń pè ní potassium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Potassium yìí wà nínú iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátò, bó bá sì pọ̀ jù lára, ó lè mú kí ọkàn dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn dé ìdí rẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, owó kì í sì í jẹ́ kó pé bẹ́ẹ̀ nílé púpọ̀. Láàárín ìfọ̀ kan sí èkejì, ife ni wọ́n fi ń wọn omi fún àgbàlagbà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n ní kó má jẹ iyán! Àwa tá a ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Ìyá rẹ á wá máa se ìkòkò méjì, ti ilé lọ́tọ̀, ti bàbá lọ́tọ̀. Ọkùnrin tí kì í jẹun àfi bí ilé bá pé wá ń dá àwo tirẹ̀ jẹ.

Wàyí o, ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wọn sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nǹkan méjì péré ló kà léèwọ̀: ọ̀kùn àti ekòló. Ta ló ń jẹ ọ̀kùn tẹ́lẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń fi ekòló jẹ iyán. Àwọn méjèèjì, inú ilẹ̀ ni ilé wọn. Ewé tó ti jẹrà ni ọ̀kùn ń jẹ, ekòló sì ń gbé erùpẹ̀ mì bó ṣe ń lọ. Ekòló kan náà ni wọ́n ní ó júbà ilẹ̀ tí ilẹ̀ lanu fún un. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu fún bàbá rẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, ohun tí wọ́n ń wí fún un ni pé: má bá àwọn ará inú ilẹ̀ jókòó, má jẹ oúnjẹ wọn, má sọ kòtò yìí di ilé. Kọjá lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ni wọ́n ní kó jẹ? Ohun tí wọ́n bá ń jẹ. Wọn ò dárúkọ iṣu, wọn ò yọ iyọ̀, wọn ò wọn omi. Èèwọ̀ ọdún méjì yẹn, ẹnu sàréè gan-an ni wọ́n ti ká a kúrò lọ́rùn wọn. Kì í ṣe jíjẹ nìkan ni wọ́n sì wí, bíbá wọn jẹ ni. Àwọn bàbá wọn tó ti ṣáájú ló wà nídìí àwo yẹn. Ìkòkò ọ̀tọ̀ ti tán.

Nípa ìwé ìrántí, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ má sì gé ìdajì rẹ̀ kúrò bí àwọn kan ṣe máa ń dúró síbi “ojú àlá” nítorí pé ọ̀kùn àti ekòló ń tì wọ́n lójú. Ẹ kíyè sí àmì: gbére ni, kì í ṣe gbẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sín sára. Ọ̀kùn ni, kì í ṣe okùn. Ohun kan ló yẹ kẹ́ ẹ yí padà. Ẹ̀gbọ́n ló bá àbúrò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ní “kó o”. Ẹ̀yin ọmọ kò lè pe bàbá yín bẹ́ẹ̀, màmá yín náà kò ní pe olówó orí wọn bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe máa rí nìyí:

“Ó di gbére, ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kẹ́ ẹ máa bá wọn jẹ.”