Mustang 1967 tí omi ń jò wọ̀: abẹ́ gíláàsì iwájú ni kí o kọ́kọ́ wò

Àbúrò, o ní o ra ọkọ̀ Ford Mustang 1967 kan ní Houston, pé V8 289 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, íǹṣì kúbíìkì 289 ni ìwọ̀n rẹ̀) ló wà nínú rẹ̀, pé ọkọ̀ náà ti jókòó pẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé ẹni tó tà á, àti pé bí òjò bá ti rọ̀, omi máa ń dúró síbi ẹsẹ̀ èrò iwájú. O wá ń béèrè irú kápẹ́ẹ̀tì tó dáa jù, àti bóyá kí o jí ẹ́ńjìnnì yẹn ni àbí kí o ra òmíràn. Gbé kápẹ́ẹ̀tì tì ná. Má ì ra nǹkan kan. Owó tí o bá ná sí ilẹ̀ ọkọ̀ yẹn báyìí, omi ló máa jẹ ẹ́, torí kì í ṣe ilẹ̀ ló ń jò.

Wo ihò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú gíláàsì, láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti wáípà. Àpótí irin kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni òjò ń gbà. Ford ṣe é kí omi ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó sì já sílẹ̀ lẹ́yìn fẹ́ńdà. Nínú àpótí náà, ọrùn irin méjì nàró bí ife tí kò nídìí: ti ọ̀tún ń fún hítà ní atẹ́gùn, ti òsì ń fẹ́ sẹ́sẹ̀ awakọ̀. Bí irin bá pé, omi ò lè gun ọrùn yẹn kọjá. Ṣùgbọ́n ewé á kó síbẹ̀, á jẹrà, á mú kí ìdí ọrùn máa tutù ní gbogbo ìgbà, ọ̀dà tí wọ́n sì fi sí i láti ilé iṣẹ́ kò tó nǹkan. Á dógùn-ún, á lu. Láti 1965 títí dé 1968 ni Mustang fi ní àrùn yìí.

Ẹni tó bá ní rọ́bà gíláàsì ni, má gbà á gbọ́ láìdán an wò. Ká kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, nu ilẹ̀ gbẹ, kí ẹnì kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Fi rọ́bà omi rọra da omi sí apá kan ihò yẹn fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó bọ́ sí apá kejì. Má jẹ́ kó kan gíláàsì rárá. Bó bá ń kán láti ara àpótí hítà, ọrùn ọ̀tún ti lọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ lókè ẹsẹ̀ awakọ̀, ti òsì ni. Bí omi ò bá jáde lẹ́yìn fẹ́ńdà, ewé ti dí ọ̀nà. Bí ohun tó wà nílẹ̀ bá sì ń yọ̀ lọ́wọ́, tí òórùn rẹ̀ dùn, omi ràdíétọ̀ ni, hítà fúnra rẹ̀ ló bẹ́, ìyẹn lọ́tọ̀.

Wọ́n á fẹ́ tà ọ́ ní ọrùn oníke tí wọ́n ń fi sílíkóònù lẹ̀. Ó lè gbé ọ kọjá oṣù mélòó kan. Àwọn mìíràn á da fàíbà gba ojú ihò. Ìyẹn burú jù, torí omi á wọ abẹ́ rẹ̀, á dúró síbẹ̀, á máa jẹ irin níbi tí ojú ò tó. Ohun tó sì ń bí mi nínú nípa àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀ràn ọkọ̀ àtijọ́ nìyí: wọ́n á jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí àwọ̀ àmì tó wà lára nọ́ọ̀tì àti bóòtì, wọ́n á kọ ìwé iye owó fún ọ, ẹnì kan nínú wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Iṣẹ́ gidi ò ní ọ̀nà àbùjá. Yọ bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà méjèèjì, wáípà àti irin tó ń wà á, gíláàsì iwájú, àpótí hítà, àti gbogbo wáyà tó wà nítòsí iná. Àwọn kan á ní gíláàsì lè dúró síbẹ̀. Kò lè dúró: etí ibi tí gíláàsì jókòó lé ni wọ́n ti fi iná lẹ ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì òkè, irin tó bo àpótí yẹn lókè, mọ́ bọ́dì.

Kí o tó lu ihò kankan, gbé ọkọ̀ náà kó tẹ́jú, kí ilẹ̀kùn wà lára rẹ̀. Mustang ò ní férémù tó dá dúró. Bọ́dì ni férémù. Jó páìpù onígun mẹ́rin láti òpó ilẹ̀kùn iwájú dé òpó ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí o fi ọ̀kan dábùú àárín. Wọn àlàfo ilẹ̀kùn lókè àti nísàlẹ̀, wọn igun sí igun, kọ ọ́ sára ògiri. Ẹni tó bá fo èyí á jó irin tuntun mọ́ bọ́dì tó ti wọ́, ilẹ̀kùn ò sì ní padé dáadáa mọ́.

Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ọ̀dà títí wàá fi rí ojú iná ilé iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti fi iná lẹ irin mọ́ irin, kòtò róbótó kéékèèké ni wọ́n. Lu àmì sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o fi ẹnu dírílì tí wọ́n ṣe fún un, 8 mm tàbí 3/8 íǹṣì, gbẹ́ irin òkè nìkan. Wọ́n pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ, àwọn kan á sì fara pamọ́ sábẹ́ sílà, gọ́ọ̀mù tó ń dí ojú ìpàdé irin. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá kọ̀, má fi hámà fà á ya. Wá ojú iná tó ṣẹ́kù. Pánẹ́ẹ̀lì òkè sábà máa ń dáa, òun náà lo máa dá padà.

Bó bá jẹ́ ìdí ọrùn nìkan ló jẹ, gé e dé irin tó mọ́, kí o jó òrùka irin àti ọrùn tuntun sí i. Bí ìka bá lè wọlé níbòmíràn, gbàgbé àbùlẹ̀, pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ látòkè délẹ̀. Fi kílámpù mú tuntun náà, dá fẹ́ńdà, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gíláàsì padà sí i láti dán an wò kí iná tó kàn án, torí pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà kì í sábà bá ara mu gẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ ìjórin: wáyà 0.6 mm, gáàsì argon 75% àti CO2 25%. Jó ojú kan, fò lọ síbi tó jìnnà, kí ti àkọ́kọ́ tutù. Ọ̀dà epoxy lókè àti nísàlẹ̀, sílà sí gbogbo ojú ìpàdé, má dí ẹnu ọ̀nà omi. Kí o tó dá pánẹ́ẹ̀lì òkè padà, da garawa omi méjì sí i. Bó bá kán ẹyọ kan, ìsinsìnyí ló ṣeé tún ṣe.

Ilẹ̀ ọkọ̀ rọrùn lẹ́yìn èyí: gé, bá a mu, jó o, kùn ún. Họ gbogbo ọ̀dà bítúmẹ́ẹ̀nì tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀, ìpẹtà máa ń sá sábẹ́ rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì, ra èyí tí wọ́n ti mọ bá ìrísí ilẹ̀ ọkọ̀ náà, ó tán.

Bí fẹ́ńdà òsì bá ti kúrò, wàá rí nọ́ńbà ọkọ̀ (VIN tí Ford tẹ̀ mọ́ irin, kì í ṣe nọ́ńbà pílétì) lára irin inú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ya fọ́tò rẹ̀, má jẹ́ kí wẹ́dà gé irin yẹn. Òṣìṣẹ́ ìwé ọkọ̀ á dúró níwájú dáṣíbọ́ọ̀dù, á máa wá nọ́ńbà tí Ford ò kọ síbẹ̀ ní 1967, á wá ní ìwé rẹ ò pé. Fi fọ́tò náà hàn án. Páálí irin tó wà lára ilẹ̀kùn kò tó ẹ̀rí, wọ́n ń ṣe tuntun rẹ̀ tà. Àmì karùn-ún nínú nọ́ńbà náà, lẹ́tà ni, òun ló ń sọ irú ẹ́ńjìnnì: C àti A jẹ́ 289, K jẹ́ 289 alágbára, S jẹ́ 390. Bó bá jẹ́ T, onísílíńdà mẹ́fà ni wọ́n ṣe é, ẹnì kan ló ki V8 bọ̀ ọ́. Ka nọ́ọ̀tì táyà: bó bá jẹ́ mẹ́rin dípò márùn-ún, bíréèkì àti àsùlù ẹ̀yìn kò tó V8 gbé, pààrọ̀ wọn kí o tó gbé e jáde.

Má sì gbé bọ́dì fún ẹni tó máa fi yanrìn fọ́n òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Á ká kò.

Ẹ́ńjìnnì, jí i. Yọ plọ́ọ̀gì, da ọ́ìlì díẹ̀ sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí o fi sípánà yí i lọ́wọ́. Má fi kọ́kọ́rọ́ dán an wò. Sọ bẹntiróòlù àtijọ́ nù, fọ táńkì. Yọ dísíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, fi irin onígun mẹ́fà 1/4 íǹṣì àti dírílì yí póńpù ọ́ìlì sí apá òsì títí ọ́ìlì á fi gun òkè. Sílíńdà 1 wà níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, iná ń dé sílíńdà tẹ̀lé ara wọn ní 1-5-4-2-6-3-7-8. Bí o bá pààrọ̀ kámú (irin tó ń yí láti ṣí fáàfù) àti tápẹ́ẹ̀tì (irin kéékèèké tó jókòó lé e), lo ọ́ìlì tó ní síńkì, kí o sì gbé e sí 2,000 sí 2,500 rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) fún ogún ìṣẹ́jú ní kété tó bá jí. Má jẹ́ kó rọra máa mí nílẹ̀, torí ojú kámú á jẹ, irin rẹ̀ á sì bá ọ́ìlì yí gbogbo ẹ́ńjìnnì ká.