Ẹran ìhà ọ̀dọ́ àgùntàn: ẹ má bọ̀ ọ́ kí ẹ tó dín in

Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè ìdí tí ẹran ìhà ọ̀dọ́ àgùntàn yín fi ń le lẹ́yìn tí ẹ bá bọ̀ ọ́ tí ẹ sì dín in, bíbọ̀ yẹn gan-an ló ń bà á jẹ́. Ẹran ìhà àti ti ẹ̀yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ẹranko, rírọ̀ ló ti rọ̀. Bí ẹ bá sè é fún ìṣẹ́jú 40, omi ara rẹ̀ á gbẹ tán.

Kí alápatà gé e nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 3. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ á ti gan kí ara rẹ̀ tó pọ́n. Fún gíráàmù 500, ṣíbí ìmutíì iyọ̀ kan tí kò kún ti tó. Ẹ fi ra á lára, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì mọ́jú láì dé e. Bí kò bá sí àyè, ìgbà tí páànù bá ti gbóná ni kí ẹ tó wọ́n iyọ̀ sí i, torí iyọ̀ ìṣẹ́jú 10 á kàn fa omi síta ni, ẹran á wá máa hó dípò kó pọ́n.

Ẹ fi ọ̀bẹ fa ọ̀rá etí rẹ̀ lójú méjì tàbí mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ká kò, àárín rẹ̀ ò sì ní kan páànù. Ẹ nù ún gbẹ. Páànù tó wúwo, òróró díẹ̀, iná ìwọ̀ntúnwọ̀nsì: ẹ fi ẹ̀mú gbé e nàró lórí ọ̀rá yẹn fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ibí yìí, tí wọ́n á wá máa ráhùn pé àgùntàn ń rùn. Inú ọ̀rá ni òórùn náà wà. Ọ̀rá tí kò yọ́ ló ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ iná sókè, kí ẹ tẹ́ ẹ, ìṣẹ́jú 3 lójú kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ti pọ̀ tó.

Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni bọ́tà, aáyù àti táìmù ń wọlé, torí bọ́tà máa ń jó. Yájì ńkọ́? Ó di ìgbà tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí kúlíkúlí inú rẹ̀ á jóná, á sì korò.

Bí ẹ bá ní tẹmómítà, 63°C ni kí ẹ sọ̀ ọ́, kó sinmi fún ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán. Ẹni tí kò fẹ́ rí pupa rárá lè dé 70°C. Bó bá kọjá 75°C, ó ti gbẹ nìyẹn. Ti aláboyún gbọ́dọ̀ jinná dénú.

Ẹran apá àti ti àgbò Iléyá ni bíbọ̀ tọ́ sí. Àgbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń gan láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ má jù ú sí fírísà lójú ẹsẹ̀. Kó lo ọjọ́ kan sí méjì nínú fíríìjì. Lẹ́yìn náà, àlùbọ́sà, atalẹ̀, omi tó dé ìdajì ẹran, ẹ dé e, iná kékeré, wákàtí 1 sí 1½ títí fọ́ọ̀kì á fi wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú omi rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá dín in, tàbí kí ẹ fi sínú ófùnù 220°C fún bí ìṣẹ́jú 12. Omi rẹ̀ dára fún ìrẹsì, bí ẹ bá ti ré ọ̀rá ojú rẹ̀ kúrò.

Ẹ mú kí abọ́ tí ẹ máa fi jẹ ẹ́ gbóná díẹ̀, torí ọ̀rá àgùntàn tètè máa ń dì.