Ṣé òótọ́ ni pé àwọn oníṣòwò London wà lára àwọn tó sanwó rélùwéè Elizabeth line, èyí tó gba àárín London kọjá?

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n san lára ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Láti April 2010 ni ìjọba ìlú London ti ń gba owó kan lé orí owó orí ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù ńláńlá, pẹ́ńsì 2 lórí £1 kọ̀ọ̀kan nínú iye owó háyà tí ìjọba gbà pé ilé náà lè mú wá lọ́dún, tí wọ́n bá ka ọ́fíìsì ẹ sí £200,000, wàá san £4,000 lọ́dún. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí tiẹ̀ ò bá ju £55,000 lọ ò san kọ́bọ̀, wọ́n ti gbé iye yẹn sókè látìgbà náà. Ilé gbígbé ò sí níbẹ̀ rárá.

Ìdí tí wọ́n fi gbé e báyìí ni pé ibi tí rélùwéè bá gbà, ilẹ̀ ibẹ̀ á wọ́n, wọ́n wá ní káwọn tó máa jèrè dá díẹ̀ padà. Wọ́n yá owó ńlá sílẹ̀ ná, owó yìí ni wọ́n fi ń san gbèsè náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì ń gbà á lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní May 2022. Láti 2012, ẹni tó bá ń kọ́lé tuntun náà ń san tiẹ̀. Ti Woolwich, àdúgbò kan ní London, tiẹ̀ tún yàtọ̀, stéṣọ̀n ò sí nínú plan ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, Berkeley Homes tó ń kọ́lé síbẹ̀ ló gbà láti gbẹ́ ihò stéṣọ̀n náà sábẹ́ ilẹ̀, kó sì mọ ògiri ẹ̀.

Àmọ́ o, ẹni tó ń lo ọ́fíìsì ló ń san pẹ́ńsì 2 yẹn, lándíọ́ọ̀dù tí ilẹ̀ ẹ̀ wọ́n sí i gan-an lè má san nǹkan kan.