Kí la fi ń kí ọ̀rẹ́ ní èdè Jàpáàn bó bá yege?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ọmọ Jàpáàn kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tó ti di ọ̀rẹ́ mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò. Mo kọ “omedetō gozaimasu” sí i lórí fóònù, ló bá ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mò ń ṣe bí àlejò. Kí ni ǹ bá ti kọ?

Ìdáhùn: Ẹ ò ṣì í kí o, ọ̀wọ̀ ọ̀hún ló pọ̀ jù. “Gozaimasu” yẹn dà bí “ẹ” tiwa. Ẹ yọ ọ́ kúrò, “omedetō” tó kù ò yàtọ̀ sí “o kú oríire”. Bí ẹ bá ń fẹnu sọ ọ́, ẹ fa “tō” yẹn díẹ̀.

Ọmọ Yorùbá máa ń tètè mọ èyí lò, torí bí a ṣe ń so “kú” mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ làwọn náà ń ṣe, àfi pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń ṣíwájú. “Gōkaku omedetō” ni ti ẹni tó yege, “tanjōbi omedetō” ni ti ọjọ́ ìbí.

Láàárín ọ̀rẹ́, “yatta ne!” lèmi máa ń kọ́kọ́ kọ: o mà ṣe é! Bó bá jẹ́ èsì tó ti ń kó o lọ́kàn sókè tipẹ́, “yokatta ne” ló dáa jù, bí ìgbà téèyàn bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mí kanlẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tiẹ̀ ń gé omedetō sí “ome”. Ẹ óò tún rí “888” nídìí fídíò. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa. “Hachi” ni wọ́n ń pe 8, “pachi pachi” sì ni àtẹ́wọ́ ń dún létí wọn. “Akeome” ní tiẹ̀, ìkékúrú “akemashite omedetō”, ti ọdún tuntun ni. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá ti kánjú.

Fún ọ̀rẹ́ yín, “Gōkaku omedetō! Yatta ne!” ti tó.

Ṣùgbọ́n bó bá kan ọ̀gá, kíá ni kí ẹ dá “gozaimasu” padà. Mo ti fi “yatta ne” kí olùkọ́ mi àgbà kan rí. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni, ó ní “arigatō”, ìyẹn “o ṣé”, ó sì kọjú sí tíì rẹ̀. Àfi bí ẹni tó gbá bàbá àgbà léjìká pé “o káre”.