Kí ló dé tí bàálù ṣì ń ru orúkọ àtijọ́ lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ méjì ti di ọ̀kan?

Ìwé àṣẹ àti owó ló fà á. United àti Continental, iléeṣẹ́ bàálù méjì ní Amẹ́ríkà, di ọ̀kan ní oṣù kẹwàá 2010, ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá 2011 ni FAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, tó fún wọn ní ìwé àṣẹ kan ṣoṣo láti máa fò gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ kan. Orúkọ United ló kù. Ọ̀dà àti àwòrán ayé tí wọ́n lò ní ìrù bàálù nígbà náà jẹ́ ti Continental. Ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání ni, torí àwọn bàálù Continental kò nílò ju orúkọ tuntun lára lọ.

Kíkùn gan-an ló ń gba àkókò. Wọ́n sábà máa ń bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Bí wọ́n bá kùn lé e lórí, bàálù á wúwo sí i, á sì máa jẹ epo jù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dúró de ìgbà àtúnṣe ńlá, nígbà tí bàálù kò ní fò tẹ́lẹ̀.